Bí mo ṣe jí GoldenEye dìde ní pálọ̀ wa n'Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀gbọ́n mi kì í sábà wálé láti Èkó àfi tí Iléyá bá dé. Ojúde Ọba ku ọ̀la, aṣọ regbérégbé wọn tí wọ́n ti lọ̀ wà lórí àga, ìkọ́kọrẹ́ ti tán nínú abọ́. Ni wọ́n bá ní, "Ṣé o rántí géèmù ilé Bọ̀ọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù?"

Ta ló máa gbàgbé? GoldenEye 007 ni, géèmù ìbọn yíyìn tí ilé iṣẹ́ Rare n'Ílùú Ọba ṣe fún Nintendo 64, ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, lọ́dún 1997. Àwa mẹ́rin la máa ń pín ojú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, kálukú nígun tiẹ̀. Oddjob, ọ̀kan nínú àwọn èèyàn inú géèmù náà, ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń mú ṣáá, torí pé ó kúrú, ọta ń gba orí ẹ̀ kọjá. Ìrẹ́jẹ gbáà! Wọ́n á tún máa yọjú wo igun tèmi kí wọ́n lè mọ ibi tí mo sá pamọ́ sí.

Mo sọ fún wọn pé àwọn tó fẹ́ràn géèmù yẹn ti tún un ṣe, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. GoldenEye: Source lorúkọ ẹ̀, orí ẹ́ńjìnì tí ilé iṣẹ́ Valve fi ṣe géèmù Half-Life 2 ni wọ́n gbé e kà. Ẹ̀dà 5.0 tó jáde ní 2016 ní pápá ìjà 25 àti ohun ìjà 28. Kò sí pé èèyàn ń dá a gbá. Ìjà àjùmọ̀jà nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo fi Steam, ètò tí Valve fi ń pín géèmù, sórí láptọ́ọ̀pù méjèèjì, mo wá Source SDK Base 2007 níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, géèmù ò ní ṣí láìsí i. Géèmù fúnra ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dáńlóòdù ẹ̀, mo fi fláàṣì gbé e sórí ti ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mi ò lè ra dátà nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Inú sourcemods, lábẹ́ steamapps, ni fódà ẹ̀ ń gbé. Mo kó o síbẹ̀, mo pa Steam, mo tún un ṣí, n ò rí nǹkan kan. Àṣé mo ti ki fódà bọ inú fódà: gesource nínú gesource. Bí mo ṣe fa ti inú jáde ni orúkọ géèmù yọ.

Mo wá tan hotspot fóònù mi, kì í ṣe nítorí íntánẹ́ẹ̀tì, kí láptọ́ọ̀pù méjèèjì ṣáà lè rí ara wọn ni. Mo tẹ sv_lan 1 sínú console, ìyẹn ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún géèmù, mo tẹ map ge_facility kó lè ṣí pápá ìjà tó ń jẹ́ Facility. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ connect àti nọ́ńbà IP mi. Wọn ò rí ọ̀nà wọlé! A fi bíi wákàtí kan bú fóònù tí ò mọwọ́mẹsẹ̀. Nígbà tí géèmù kọ́kọ́ ṣí, firewall, ètò ààbò kọ̀ǹpútà, ti bi mí bóyá kó yọ̀ǹda ẹ̀, èmi oníwàǹwára sì ti tẹ Cancel. Mo padà lọ fún un láyè.

Ilé ìgbẹ́ Facility ọjọ́sí rèé, ó wá mọ́ débi pé èèyàn lè ka táìlì ara ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi ti mú Oddjob.

Nígbà tí mo pa wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní, "Níbo lo tiẹ̀ wà?" Kálukú ti wá ní ojú kọ̀ǹpútà tiẹ̀, kò sí igun tí wọ́n máa yọjú wò mọ́. Wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ bu omi mu. Mi ò gbọ́ ìró ife. Òjìji wọn ni mo rí lẹ́yìn mi.

Mo rọra rìn títí mo fi dé ibi tí Oddjob wọn dúró sí gbagidi, mo na ìbọn sí i. Mo jẹ́ kí wọ́n wò ó dáadáa kí n tó yìn ín.