Ẹ ti gbé Jimny yín sókè, ẹ sì fẹ́ máa gbé e lọ síbi iṣẹ́? Ẹ má ṣe ohun tí mo ṣe

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ná. Èmi náà ra tòkunbọ̀ Jimny, jíìpù kékeré Suzuki yẹn, èyí tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó yí ìrísí ẹ̀ padà ní 2018, ẹ́ńjìnì 1.3, mi ò tíì wà á ju oṣù méjì lọ tí mo fi gbé e sókè ní ínǹṣì mẹ́ta, mo ki táyà gàgàrà sí i, mo gbé káríà irin lé e lórí, làwọn ọmọ àdúgbò bá ń kí mi ní "ọ̀gá sójà". Torí oko wa lẹ́yìn Ìsẹ́yìn ni mo ṣe ṣe é, tójò bá ti rọ̀ síbẹ̀ ọ̀kadà gan-an ń bẹ̀bẹ̀. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni mo ń dé oko o! Àwọn ọjọ́ tó kù, Mọníyà sí Dùgbẹ̀ ni, ọ̀nà ọ̀dà ni, gósílóò ni. Ọjọ́ méjì tá a máa wọ ẹrẹ̀ la ṣe mọ́tò fún, a wá gbàgbé ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tó kù pátápátá.

Táyà ló kọ́kọ́ ń tan èèyàn. 205/70R15 ni wọ́n ṣe mọ́ tèmi, tẹ́ẹ bá wọ̀n ọ́n látilẹ̀ dókè kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 67 lọ. Èmi lọ ra 235/75R15, ìyẹn ti lé ní 73. Ẹ lè ní kí ni sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà já mọ́, àmọ́ ẹ́ńjìnì tí agbára ẹ̀ ò ju hp 85 lọ, tẹ́ẹ bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rù ú, bí ìgbà tẹ́ẹ ní kọ́mọ ọdún mẹ́fà lọ fi garawa àgbàlagbà pọnmi ni. Gíà karùn-ún di ọ̀ṣọ́, gíà kẹta ni mo fi ń gun gbogbo òkè, epo ń lọ ṣáá, ẹ sì mọ iye tá à ń ra epo látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ lọ́dún 2023. Mítà gan-an á wá máa parọ́ fún yín, tó bá ń sọ pé 90 lẹ wà, ó lè ti máa sún mọ́ 100. Ẹ lo 215/75R15, ó ti tó. Ẹ má sì ra èyí tó ní eyín gbàgìgbàgì tí wọ́n ṣe fún ẹrẹ̀ nìkan, tójò bá rọ̀ sórí ọ̀dà, ẹ tẹ búréèkì títí kó tó gbọ́, ariwo ẹ̀ á sì jẹ́ kẹ́ẹ rò pé bẹ́árìn ti lọ.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ táyà náà wà níbẹ̀. Ẹ yà sọ́dọ̀ fọkanáísà lójú ọ̀nà, á wo bí táyà ṣe tóbi, kò ní bèèrè nǹkan kan, á fẹ́ ẹ dé 40 psi. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi ilẹ̀kùn dírẹ́bà tèmi, 23 síwájú, 26 sẹ́yìn ló kọ. Mọ́tò yìí fúyẹ́, fi díẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù kan ni, tẹ́ẹ bá gbé e sórí 40 á máa ta pọ́ún pọ́ún bíi bọ́ọ̀lù lórí gbogbo kòtò. Mo sọ fún bàbá tó ń bá mi fẹ́ ẹ pé kí wọ́n dín in kù, wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé táyà kẹ̀kẹ́ lo pe èyí ni?" Òdìkejì ẹ̀ náà wà o. Tí mo bá wọ oko mo máa ń sọ ọ́ di 15 kó lè di ilẹ̀ mú, lọ́jọ́ kan mo gbàgbé, mo fi 15 yẹn sáré lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Mọníyà, ìgbà tí mo máa fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ táyà, bí ìkòkò àmàlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ló gbóná. Ẹ ra pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀, kẹ́ẹ tó gun ọ̀dà kẹ́ẹ ti fẹ́ ẹ padà.

Èyí tó fẹ́ pa mí gan-an ni gbígbọ̀n. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, mo ń bọ̀ nílé, bíi 90, táyà iwájú kan ṣoṣo wọ kòtò kékeré, ni sìtíárìn bá bẹ̀rẹ̀, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì bí ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi, dáṣíbọ́ọ̀dù ń mì, ọwọ́ méjèèjì ò ká a mọ́, tírélà sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọlọ́run ló yọ mí. Tó bá ṣe yín rí, ẹ má tẹ búréèkì lójijì, ẹ kàn gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ jẹ́ kó rọra sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀ kẹ́ẹ tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá ní damper sìtíárìn ni, ìyẹn ṣọ́kì kékeré tó ń dín gbígbọ̀n sìtíárìn kù, a pààrọ̀ ẹ̀, ó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, damper kàn ń bo àrùn mọ́lẹ̀ ni. Tẹ́ẹ bá gbé mọ́tò yìí sókè, áńgù tó ń jẹ́ kí táyà iwájú fúnra ẹ̀ padà sí gbọọrọ, tí wọ́n ń pè ní castor, máa dín kù, àfi kẹ́ẹ fi bọ́ọ̀ṣì, rọ́bà inú irin, tó ń dá a padà sí i, ẹni tó bá mi gbé e sókè ò sì dárúkọ ẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wo báláǹsì táyà, ẹ wo bọ́ọ̀ṣì Panhard, ìyẹn ọ̀pá irin tí kì í jẹ́ kí ásù yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kẹ́ẹ wá fi jáàkì gbé táyà iwájú sókè, ẹ dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì ín. Tó bá ń ṣe kọ̀-kọ̀-kọ̀, bẹ́árìn kingpin, ibi tí ẹsẹ̀ táyà iwájú ti ń yí, ti jẹ nìyẹn. Tèmi ti jẹ o, owó ẹ̀ ò sì tó ìdajì owó tí mo fi ra káríà.

Bọ́tìnnì 4WD, tó ń jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa wa ọkọ̀, ń kọ́? Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lórí ọ̀dà gbígbẹ. Kò sí difẹrẹ́ṣà, ìyẹn gíà tó ń jẹ́ kí táyà yí ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra, láàárín iwájú àtẹ̀yìn, táyà iwájú àti tẹ̀yìn á máa bá ara wọn jà tẹ́ẹ bá ti ń yípo ráńdábáọ̀tù, gíà ló sì máa jìyà ẹ̀.

Snorkel, páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́ sí ẹ́ńjìnì láti òkè, náà ò sọ ọ́ di ọkọ̀ ojú omi. Ẹ́ńjìnì lè máa mí o, àmọ́ tí difẹrẹ́ṣà gbígbóná bá já wọ omi tútù, á fa omi mu láti ibi ihò atẹ́gùn ẹ̀. Mo la àgbàrá kan kọjá báyìí, mo ń rẹ́rìn-ín sáwọn tí mọ́tò wọn kú, lẹ́yìn oṣù kan tá a tú ọ́ìlì difẹrẹ́ṣà ẹ̀yìn, funfun ló ń jáde bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ẹ fi rọ́bà fa ihò yẹn dókè, tẹ́ẹ bá sì ti wọ omi, ẹ tú ọ́ìlì wò.

Iná iwájú, ẹ rọ̀ ọ́ wálẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ẹ bá gbé mọ́tò sókè, ojú àwọn tó ń bọ̀ lẹ ń fọ́.

Èmi ti dín tèmi kù sí ínǹṣì kan àtààbọ̀, mo yọ káríà, 215 ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ báyìí. Nígbà tó ṣì ga, màmá mi ò lè gùn ún, àpótí ìdáná ni wọ́n máa ń gbé síta fi gun mọ́tò lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tún gbé e sẹ́yìn fún ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo ti ní wọn ò nílò ẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, àpótí yẹn ṣì wà lórí itan wọn.