Ítálì díẹ̀ lẹ́nu kẹ́ ẹ tó dé ibi check-in

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Fiumicino, ẹ́pọ́ọ̀tù ńlá Róòmù yẹn, ló gbọ́ òyìnbó, irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n tí ìlà bá ti gùn, tó ti rẹ òṣìṣẹ́ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà, gbólóhùn mélòó kan ní èdè wọn máa ń jẹ́ kójú rọ̀, ẹ̀yin náà á sì mọ nǹkan tí wọ́n ń bi yín, èyí gan-an ló ṣe pàtàkì jù.

Ilé ni kẹ́ ẹ ti tún ahọ́n ṣe. P tiwọn kì í ṣe p tiwa o. Tẹ́ ẹ bá pe passaporto bí ẹ ṣe ń pe "pápá", wọ́n á kàn máa wò yín ni, p inú "paper" òyìnbó ni kẹ́ ẹ lò. Wọn kì í pe h rárá, torí náà "ho" ò ju "ọ" lọ. Ch wọn, k ni, ẹ wo chilo, kílò wa náà nìyẹn tààrà.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó na ìwé sí ẹnikẹ́ni. Buongiorno láàárọ̀, buonasera tó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Àwọn náà ní "ẹ" àti "o" tiwọn: Lei ni "ẹ", tu ni "o". Scusi lẹ máa sọ fún ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí, scusa wà fún ọ̀rẹ́. Ẹ wá bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe check-in ti Èkó: "Scusi, dov'è il check-in per Lagos?"

Tó bá kàn yín, òṣìṣẹ́ á ní "Prego". Ọ̀rọ̀ yìí ò níṣẹ́ kan pàtó, ẹ máa bọ̀, kò tọ́pẹ́, ẹ gbà, gbogbo ẹ̀ ni prego. Ẹ na pásípọ́ọ̀tù, kẹ́ ẹ ní "Ecco". Á bi yín pé "Quante valigie?", àpótí mélòó. Ẹ fèsì: "Due valigie e un bagaglio a mano", méjì àti èyí tí mo máa gbé dání. Tó bá bèèrè bóyá ẹ̀yin fúnra yín lẹ di ẹrù, ọkùnrin á ní "Sì, da solo", obìnrin á ní "Sì, da sola". Ẹ má ṣàwàdà níbẹ̀ jàre.

Ó wá ku bilancia, òṣùwọ̀n. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. "Pesa troppo" túmọ̀ sí pé ó ti wúwo jù, "c'è un supplemento da pagare" sì túmọ̀ sí pé owó ń bọ̀. Gbólóhùn tó gbà mí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ni "Posso togliere qualcosa?", ṣé mo lè yọ nǹkan kúrò? Mo tú àpótí sílẹ̀ níwájú gbogbo ayé, mo kó bàtà méjì àti pasta tí mo rà fún màmá mi sínú bàágì ọwọ́, mo wá wọ jákẹ́ẹ̀tì méjì lórí ara wọn, nínú oṣù August o! Obìnrin yẹn wò mí, ó ní "Fa caldo, eh?" Èmi rò pé òtútù ló ń sọ, mo ní "Sì, sì," mo tún de bọ́tìnnì. Caldo, ooru ni. Freddo ni òtútù. Gbogbo ìlà ló rẹ́rìn-ín.

Tí wọ́n bá ní "Finestrino o corridoio?", ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tàbí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ ní "Vorrei il corridoio". Vorrei dùn létí ju voglio lọ, voglio dà bí ìgbà téèyàn ń pàṣẹ.

Tí ọ̀rọ̀ bá yára jù: "Non ho capito, può ripetere lentamente?" Kò yé mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rọra tún un sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé níbẹ̀, permesso di soggiorno, ìwé àṣẹ ìgbélùú yín, ò gbọdọ̀ wọnú àpótí o, ọwọ́ ni kó wà.

Tí carta d'imbarco, ìwé tẹ́ ẹ fi ń wọkọ̀, bá ti bọ́ sọ́wọ́, ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀: "A che ora comincia l'imbarco?" Ẹ máa wo ojú pátákó náà. In orario, kò sí wàhálà. In ritardo, ó ti pẹ́ nìyẹn, ẹ bèèrè pé "Di quanto?", báwo ló ṣe máa pẹ́ tó? Tí wọ́n bá ní due ore, wákàtí méjì, ẹ wá ibi jókòó sí tó sún mọ́ iná, kẹ́ ẹ máa cháàjì fóònù yín.