Ìbọn àtijọ́: àtúnṣe tó ń dín owó rẹ̀ kù

Kí o tó tú ohunkóhun, rí i dájú pé ẹ̀tù ò sí nínú rẹ̀. Ti ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu ìbọn náà títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, sàmì sára ọ̀pá náà níbi tó ti bá ẹnu ìbọn dọ́gba, kí o sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn níta, kí àmì náà wà ní ẹnu ìbọn. Bí kò bá dé ibi ihò tí iná ń gbà wọlé, nǹkan wà níbẹ̀. Gbé e fún onímọ̀.

Dídán irin ń dín owó ìbọn kù ju ìfọ́ lọ. Àwọ̀ ilẹ̀ tó ti bo irin láti ọdún pípẹ́ ni àwọn olùrà ń wá. Sáńpépà á gbé e lọ, kò sì ní padà. Wo àmì tí alágbẹ̀dẹ tẹ̀ sára irin: bí etí lẹ́tà bá ti kúnná, tí ẹnu ihò síkúrúù sì rì bí àwo, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Orí síkúrúù tó ya jákujàku náà ń tú àṣírí.

Ìpẹtà pupa tó ń gbọ̀n bí ìyẹ̀fun ṣì ń jẹ irin. Fi aṣọ rírọ̀ àti òróró díẹ̀ nù ún. Èyí tó dúdú, tó le, fi í sílẹ̀.

Igi sábà máa ń là ní ọrùn tí ọwọ́ ń dì mú. Àtè tí wọ́n fi awọ ẹran sè ni kí o lò, torí omi gbígbóná lè tú u lọ́la. Epoxy, àtè oníkẹ́míkà ìgbàlódé, kì í gbà bẹ́ẹ̀.

Ìbọn olókùúta ìṣáná tí wọ́n sọ di oníkápù (kápù ni ìdérí irin kékeré tó ń ṣáná bí òòlù ìbọn bá lù ú) ní ọ̀rúndún 19? Má sọ ọ́ di olókùúta padà. Ìtàn tirẹ̀ nìyẹn.