Bí Mo Ṣe Ka Sẹ́ẹ̀lì Pupa Tí Kò Tíì Gbó Nínú Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Tó Ní Fòníkú-fọ̀ladìde

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ nínú ìwádìí wa nílùú Ìbàdàn ni kíka àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tí kò tíì gbó, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ń pè ní rẹtíkúlósáìtì, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì àwọn tí jínótáàpù wọn jẹ́ SS a máa tẹ̀ bíi dòjé, tí á sì máa dí iṣan ẹ̀jẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a mọ̀ kún un ni pé bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe pẹ́ tó nínú mùdùnmúdùn egungun kí ó tó jáde ní ipa tirẹ̀ nínú dídí iṣan náà.

Inú mùdùnmúdùn ni ara ti ń ṣẹ̀dá sẹ́ẹ̀lì pupa. Sẹ́ẹ̀lì náà á kó hẹmoglóbínì, èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara, jọ, á ti kóró inú rẹ̀ dànù, á wá di rẹtíkúlósáìtì. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, yóò ṣì wà nínú mùdùnmúdùn fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, yóò parí gbígbó rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, yóò sì lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Ti ẹni tó jẹ́ SS kì í sábà lò ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ kí ó tó bàjẹ́, ìdí nìyí tí mùdùnmúdùn fi ń kánjú tú àwọn tí kò tíì gbó síta.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fà fún àyẹ̀wò PCV, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, ni mo lò, nínú tùúbù tó ní èròjà EDTA, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Nígbà tí mò ń gba ìyọ̀ǹda, ìyá kan bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi kò tó tẹ́lẹ̀, ṣé ẹ tún fẹ́ fà sí i ni?" Mo ní, "Rárá o, Màmá, ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù nínú tùúbù yìí náà ni a máa lò." Ìbéèrè wọn tọ́, ó sì yẹ kí olùwádìí ti ní ìdáhùn rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn.

Mo po ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ aró tí wọ́n ń pè ní new methylene blue ní ìwọ̀n kan náà, mo sì gbé e sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tó wà ní 37°C fún ìṣẹ́jú 20. A kì í fi methanol, èyí tó ń pa sẹ́ẹ̀lì, kàn án ṣáájú, nítorí sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ṣì wà láàyè kí aró tó lè kó àṣẹ́kù RNA, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣẹ̀dá hẹmoglóbínì, inú rẹ̀ jọ. Lẹ́yìn èyí mo rọra mì ín, mo tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì, mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́, mo wá fi awò máíkíróskóòpù tí a ń kán òróró sí wò ó.

Kíkà gan-an ló gba sùúrù jù. Nínú 1,000 sẹ́ẹ̀lì pupa, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń ní rẹtíkúlósáìtì 5 sí 25. Nínú ẹ̀jẹ̀ SS, mo sábà ń rí ju 100 lọ. Àmọ́ gbogbo ohun tó bá gba aró kọ́ ni rẹtíkúlósáìtì. Ọlọ inú, tó yẹ kí ó máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀ mọ́, ti sábà bàjẹ́ lára àwọn tó ní àìsàn yìí láti kékeré, nítorí náà àwọn sẹ́ẹ̀lì tí àjẹkù kóró ṣì wà nínú wọn pọ̀ káàkiri. Àmì roboto kan ṣoṣo ni èyí máa ń jẹ́. Rẹtíkúlósáìtì ní tirẹ̀ máa ń ní fọ́nrán tàbí àmì tó ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí kò bá dá mi lójú, mo máa ń yí ìdojúkọ awò náà síwá sẹ́yìn títí yóò fi hàn kedere.

Ìdí tí wàhálà yìí fi tó bẹ́ẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì tó tètè jáde ṣì gbé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní VLA-4 sára, èyí tó ń so ó mọ́ mùdùnmúdùn tẹ́lẹ̀, tí èyí tó ti gbó sì ti bọ́ sílẹ̀. Bí ara iṣan bá wú, èròjà mìíràn tí wọ́n ń pè ní VCAM-1 a máa yọ lójú ògiri inú rẹ̀, VLA-4 á sì dì mọ́ ọn. Nínú àwọn iṣan tóóró tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, èyí á dín ìṣàn ẹ̀jẹ̀ kù, àwọn sẹ́ẹ̀lì líle tó ti tẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á há síbẹ̀, ìrora líle á sì bẹ̀rẹ̀.

N kì í kọ iye rẹtíkúlósáìtì sílẹ̀ láìkọ PCV sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá rí 12 nínú ọgọ́rùn-ún lára ẹni tí PCV rẹ̀ jẹ́ 23, mo máa ń sọ 12 di ìlọ́po 23, kí n tó fi 45, ìyẹn PCV tí a kà sí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá, pín in. Nǹkan bí 6 ló kù. Hydroxyurea, oògùn tí wọ́n ń lò fún àìsàn yìí, a máa dín iye yìí kù, a sì máa gbé irú hẹmoglóbínì tí ọmọ inú oyún máa ń ní, èyí tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tètè tẹ̀, sókè lára aláìsàn, ìdínkù bẹ́ẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n bí iye náà bá já wálẹ̀ lójijì, tí PCV náà sì ń já, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò parvovirus B19 ti dá iṣẹ́ mùdùnmúdùn dúró. Irú èsì bẹ́ẹ̀, mo máa ń pe dókítà lórí fóònù kí n tó jókòó kọ ọ́.