Bí a ṣe ń mú Emacs bá ọwọ́ ẹni mu

Má tíì lọ wá àfikún. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn èèyàn ń wá kiri ti wà nínú Emacs, ètò tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ àti kóòdù, a ò kàn tíì tàn án ni.

Tẹ C-x C-f (C ni Ctrl, M ni Alt), kó o ṣí ~/.emacs.d/init.el, fáìlì tí Emacs ń kà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Bó o bá ti ní fáìlì ~/.emacs tẹ́lẹ̀, òun ni Emacs máa kà, kò ní wo init.el rárá. Kó ohun tó wà nínú ~/.emacs wá sínú init.el, kó o sì pa ~/.emacs rẹ́. Ìlà tèmi nìyí:

(savehist-mode 1)
(save-place-mode 1)
(global-auto-revert-mode 1)
(fido-vertical-mode 1)
(which-key-mode 1)

Savehist ń rántí àwọn àṣẹ tó o ti pa. Save-place ń dá ọ padà síbi tó o dúró sí nínú fáìlì. Auto-revert ń tún fáìlì kà bí ètò mìíràn bá yí i padà. Fido-vertical ń to àwọn orúkọ tó o lè yàn sísàlẹ̀ ara wọn bó o ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Which-key ni mo fẹ́ràn jù: tẹ C-x, dúró díẹ̀, yóò fi gbogbo bọ́tìnì tó lè tẹ̀lé e hàn ọ́. Bí tìrẹ kò bá tíì tó Emacs 30, yọ ìlà yẹn kúrò.

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Má lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà! Mo ti rí ẹni tó da odindi fáìlì ẹlòmíì kọ. Àkámọ́ kan ṣoṣo, ìyẹn ( tàbí ), ló ṣàfẹ́kù, ó sì lo ọjọ́ méjì lórí rẹ̀. Níbi tí àṣìṣe bá wà ni Emacs ti ń dúró, kò ní ka ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìlà tí kò ṣẹ̀ lèèyàn á wá máa tún ṣe.

Nítorí náà, kọ ìlà kan, gbé kọ́sọ̀ sí ìparí rẹ̀, tẹ C-x C-e kó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tó bá dáa, fi í pamọ́, kó o wá ṣí Emacs kejì láti fi dán an wò. Má pa ti àkọ́kọ́, òun lo máa fi tún un ṣe. Bó o bá rí “End of file during parsing”, àkámọ́ ni: M-x check-parens (tẹ M-x, kọ orúkọ àṣẹ náà, kó o tẹ Enter) yóò gbé ọ débẹ̀. Fún àṣìṣe mìíràn, fi emacs --debug-init ṣí i láti terminal. Bí gbogbo rẹ̀ bá dàrú, emacs -Q yóò ṣí láìka init.el.

Ó wá ku àfikún. Magit nìkan ni mo máa ń kọ́kọ́ gbà, fún Git, ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àyípadà inú fáìlì. Láti Emacs 28, kò dìgbà tó o bá fi MELPA, ibi tí wọ́n ń kó àfikún sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kún un: M-x package-refresh-contents, lẹ́yìn náà M-x package-install, kó o kọ magit. Bó ò bá fẹ́ gba nǹkan kan, C-x v = yóò fi ohun tó yí padà nínú fáìlì hàn ọ́.

Fún kóòdù, Eglot, tó ń so Emacs pọ̀ mọ́ language server (ètò tó lóye èdè kóòdù, tó ń fi àṣìṣe àti àbá hàn), ti wà nínú Emacs láti 29. M-x eglot ló ń jí i, àmọ́ kọ́kọ́ fi language server èdè tó ò ń kọ sórí kọ̀ǹpútà rẹ, torí Eglot kì í gbé e wá fúnra rẹ̀.