Bí Mo Ṣe Ṣètò Ìrìn Yípo Òkè àti Adágún ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ìlọrin ni mo ń gbé, Òkè Sóbì sì ni mo ti kọ́ òkè gígùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi márùn-ún ń wá ni òkè tí a lè gùn láti ìhà kan, kí a sọ̀ kalẹ̀ ní ìhà kejì, kí a sì yípo padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí a ó ti máa wo adágún omi láti òkè. A rí irú rẹ̀ lẹ́bàá abúlé kan lẹ́yìn Àjàṣẹ́-Ìpó, níbi tí wọ́n ti sé odò, tí omi náà sì tẹ́ rẹrẹ sí ìwọ̀-oòrùn òkè. N kò ní dárúkọ abúlé náà, nítorí àwọn ará ibẹ̀ kò fẹ́ kí èrò máa ya lù wọ́n láìsọ tẹ́lẹ̀.

Oṣù ni mo kọ́kọ́ yàn. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku a máa bo ojú ọ̀run débi pé ẹni tó wà lórí òkè kò ní rí omi ìsàlẹ̀ dáadáa. Bí òjò bá sì wà lẹ́nu iṣẹ́, àpáta a máa yọ̀, mànàmáná a sì di ewu fún ẹni tó dúró ní gbangba orí rẹ̀. Ìparí oṣù Kẹwàá ni mo mú, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí adágún ṣì kún dẹ́nu.

Lórí Google Earth, mo wọn ọ̀nà náà: ó jẹ́ kìlómítà 9, òkè tí a ó gùn lójú ọ̀nà náà sì ga tó 240 mítà. Mo lo ìlànà tí William Naismith, ará Scotland, fi lélẹ̀ ní 1892, pé kí a ka kìlómítà 5 sí wákàtí kan, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún 600 mítà tí a bá gùn. Èyí fún mi ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 12. Ṣùgbọ́n oòrùn tiwa kì í ṣe oòrùn Scotland, ẹnìkan nínú wa sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Nítorí náà, wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni mo kọ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, mo lọ kí Baálẹ̀, mo sì béèrè nípa ààbò kí n tó béèrè ohunkóhun mìíràn, nítorí ọ̀rọ̀ ajínigbé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wọ igbó láìwádìí. Wọ́n fi ọdẹ àgbà kan lé mi lọ́wọ́. Mo fi ọ̀nà tí mo yà hàn án: ẹ̀bá adágún ni a ó kọ́kọ́ gbà, a ó ti àríwá gun òkè, a ó sì ti gúúsù sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá ọdẹ náà mi orí rẹ̀. “Ọmọ mi, àpáta dídán ni ìhà gúúsù yẹn. Ẹni tó bá gùn ún ń rí ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí. Ẹni tó ń sọ̀ ọ́ kò rí i.”

Òótọ́ ni. Bí mo ṣe yà á, ọ̀sán gangan ni a ó máa sọ̀ lórí àpáta gbígbóná pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀. Bí a bá sì tètè wo adágún láti ìsàlẹ̀, òjìji òkè ni yóò bò ó. Mo yí ọ̀nà náà padà pátápátá: gúúsù ni a ó ti gùn ní ìtura òwúrọ̀, kí oòrùn lè wà lẹ́yìn wa bí a bá kọjú sí omi, ọ̀nà oko tó rọ̀ ní àríwá ni a ó ti sọ̀ sí etí adágún. Bàbá tún fi ibi tí wọ́n so màrìwò sí hàn mí, a sì yẹra fún un, bó tilẹ̀ fi ìdajì kìlómítà kún ìrìn wa. Mo gbà pé kò sí àwòrán orí fóònù tó lè sọ irú èyí fún àlejò.

Olúkúlùkù wa gbé lítà omi 3, ṣòkòtò gígùn, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, àti àkàrà. Mo kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ nínú adágún, nítorí inú irú omi tó dúró bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò tó ń mú kí èèyàn tọ ẹ̀jẹ̀ ti ń gba awọ ara wọlé. Mo fi ọ̀nà wa àti àkókò ìpadàbọ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó mi.

A sùn sí Àjàṣẹ́-Ìpó lọ́jọ́ Jímọ̀, a kírun àsùbáà, a sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn ní agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Bàbá níwájú. Kó tó di agogo mẹ́sàn-án, a ti wà lórí àpáta. Omi náà ń dán bí abọ́ idẹ tuntun, ọkọ̀ ojú omi apẹja kan ń fa ìlà tínrín lójú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ìṣẹ́jú 35 ni a fi kọjá àkókò tí mo kọ sílẹ̀ kí a tó padà sí ibi ọkọ̀. Orí àpáta náà ni a ti lò ó tán, nítorí kò wu ẹnikẹ́ni nínú wa láti dìde.