Ìwádìí ṣáájú ìkówójọ: bí a ṣe rí iye tó ṣeé gbára lé

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde fẹ́ kó mílíọ̀nù 50 náírà jọ fún ilé ìkàwé. Gbogbo ẹni tí wọ́n bi ń sọ pé "A ó ṣe é," kò sẹ́ni tó dárúkọ iye. Alága fúnra rẹ̀ ló ń bi wọ́n. Ta ló máa sọ fún alága lójú pé òun ò fọkàn tán ètò rẹ̀?

Àtúnṣe rẹ̀ nìyí: ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ló bá ènìyàn 30 sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìtọrọ kọ́bọ̀, pẹ̀lú ìlérí pé kò ní sí orúkọ kankan nínú ìjábọ̀.

Ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni ìwé kan tó pín owó náà sí ìpele: ẹ̀bùn kan onímílíọ̀nù 10, méjì onímílíọ̀nù 5, mẹ́rin onímílíọ̀nù 2.5, mẹ́jọ onímílíọ̀nù 1, méjìlá onídajì mílíọ̀nù. Owó kéékèèké ni mílíọ̀nù 6 tó kù. Kò bi wọ́n pé "Èló lẹ máa san?" "Ìpele wo lẹ rò pé ó bá yín mu?" ló bi wọ́n, ẹnu wọn sì tú.

Ẹ wá ẹni mẹ́ta fún ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀pọ̀ máa kọ̀ tàbí kí wọ́n dín in kù. Bí kò bá sẹ́ni kankan ní ìpele òkè, ẹ dín àfojúsùn kù. Owó kéékèèké kì í dí àlàfo mílíọ̀nù 10.

Àwọn kan ò ní dáhùn láìrí ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀) àti ìṣirò owó tí ọ́dítọ̀ ti yẹ̀ wò. Ẹ mú méjèèjì dání.